Wọ́n Ní Mo Ti Di Onílé, Ẹ Gbà Mí O!

Ẹ̀yin tí owó oṣù yín máa ń tán kó tó wọlé, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ máa bá tiyín lọ, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwé owó oṣù mi yìí, torí kò sẹ́ni tí mo tún lè fi hàn nílé mọ́. Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbé e síwájú òun mọ́, ó ní bí òun bá ti fojú kàn án báyìí, ẹ̀jẹ̀ òun á ru.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí. Orúkọ mi ló wà lókè ìwé náà gàdàgbà, pẹ̀lú iye tí wọ́n ní àwọn ń san fún mi. Iye yẹn ò burú. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan lẹ kà, ẹ ó ní kí n yá yín lówó. Ṣùgbọ́n ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Owó orí ti lọ. Owó ìfẹ̀yìntì, 8 nínú 100, ti lọ. Owó ìfipamọ́ fún ilé kíkọ́ tí òfin 1992 ní kí wọ́n máa yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, 2.5 nínú 100, ti lọ. Owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti bá wọn lọ. Ẹ ó wá kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ ó tún kàn wọ́n, ẹ ó sì tún kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta: owó tí mò ń tọ́jú sọ́dọ̀ wọn, owó tí mo yá lọ́wọ́ wọn láti ra ilẹ̀, àti owó tí mo yá láti kọ́ ohun tó wà lórí ilẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kọ iye tí mò ń mú lọ sílé sí, ẹ ó rò pé nọ́ńbà ojú ìwé ni.

Kí ni mò ń fi owó yòókù ṣe? Ilé ni mò ń kọ́! Ilé kékeré oníyàrá mẹ́ta, kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò ní fẹ́ńsì, ní ẹ̀yìn Ìkòròdú níbi tí ọ̀dà títì ti parí, tí ọlọ́kadà á kọ́kọ́ gbàdúrà kó tó kọrí sí i. Ẹ má sì wò mí bíi pé ẹ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ o, ẹ̀yin náà lẹ tì mí síbẹ̀! Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó ń sanwó ilé fún onílé, omi ló ń dà sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí n dìde, kí n ṣe bí ọkùnrin. Mo dìde. Láti ọjọ́ náà ni mi ò tíì rí ibi jókòó.

Ṣé gbèsè náà ló wá ń dùn mí jù? Rárá o. Gbèsè ò tíì pa ẹnikẹ́ni rí. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó gbà pé mo jẹ gbèsè. Láti ọjọ́ tí ìròyìn ti tàn kálẹ̀ pé mo ń kọ́lé ni gbogbo ayé ti gbà pé mo ti lówó, wọ́n sì ti pín owó náà láàárín ara wọn láìpè mí sí i.

Bàbá onílé wa ní Ṣómólú ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá yìí, “ọmọ mi” ni wọ́n máa ń pè mí tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ pé mo ti dé líńtẹ̀lì, mo ń jáde lọ síbi iṣẹ́, wọ́n dìde lórí àga, wọ́n ní, “Ẹ káàárọ̀ o, láńlọ́ọ̀dù!” Ara mi bù máṣọ. Mo mọ̀ pé onílé tó bá ń ki ayálégbé báyìí, nǹkan wà lọ́kàn ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, owó ilé ti gbẹ́sẹ̀ sókè, wọ́n sì ní ọdún méjì gbáko làwọn fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé mi ò ní í pẹ́ kó lọ mọ́. Mo fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rán wọn létí òfin ayálégbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2011, tó ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ. Bàbá fara balẹ̀ gbọ́ mi dáadáa. Wọ́n ní òfin yẹn dára gan-an, wọ́n ní ẹni tí kò nílé ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ ò ríran? Ilé kan ni mò ń gbé, mò ń sanwó ẹ̀. Ilé kejì ò gbé mi, mò ń sanwó ẹ̀.

Mo ní kí n lo ọgbọ́n. Ṣebí 2.5 nínú 100 ti owó ilé kíkọ́ yẹn, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń yọ ọ́ lọ́wọ́ mi? Ṣebí ẹni tó ń dá a ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yá nínú ẹ̀, tí èlé ẹ̀ ò sì pọ̀ bíi ti àwọn báǹkì yòókù? Mo wọ agbádá, mo gba báǹkì kan tó ń yáni lówó ilé lọ, mi ò ní í dárúkọ wọn. Ọmọdébìnrin tó wà níbẹ̀ ṣe mí jẹ́jẹ́, ó ní, “Ẹ jókòó sà, ìwé ilẹ̀ yín dà?” Mo kó rìsíìtì ọmọ onílé jáde, mo kó ìwé sọ́fè jáde. Ó wò wọ́n bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ń wo egbò. Ó ní, “Sà, C of O ńkọ́?” Àṣé òfin ilẹ̀ ti 1978 ti kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, nítorí náà gómìnà ló nilẹ̀, ọmọ onílé ló gba owó mi, báǹkì ní àfi kí òun rí C of O, ìyẹn ìwé gómìnà, ìwé gómìnà sì gba owó, owó tó yẹ kí n fi gba ìwé náà ni mo torí ẹ̀ wá sí báǹkì, báǹkì sì ní àfi kí òun kọ́kọ́ rí ìwé! Mo kó rìsíìtì mi sápò agbádá. Ọmọdébìnrin yẹn tiẹ̀ tún sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Bó bá tiẹ̀ bú mi, ǹ bá rí nǹkan sọ.

Ẹ má sọ pé kí n lọ sí báǹkì mìíràn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, 18.5 nínú 100 ni èlé tí báǹkì àpapọ̀ fi lélẹ̀. Nígbà tó máa fi di oṣù kọkànlá 2024, ó ti di 27.5, èyí tí báǹkì yòókù sì ń gbà lọ́wọ́ àwa mẹ̀kúnnù tún gorí ìyẹn. Èmi wo ni wọ́n pè síbi tí wọ́n ti fi kún un?

Sìmẹ́ńtì náà fojú mi rí màbo. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí àpò kan wọ 10,000 náírà láwọn ibì kan? Ìjọba pe àwọn tó ń ṣe é jọ, wọ́n jọ fẹnu kò pé kò ní í ju 7,000 sí 8,000 lọ. Inú mi dùn, mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ láàárọ̀ kùtù. Oníṣọ́ọ̀bù ní ẹni tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ ni kí n lọ rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo rà á ní iye tó pè é. Mo kó o sílẹ̀ de bíríkìlà. Bíríkìlà ní òun ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀la yẹn pẹ́ kó tó mọ́! Òjò ló kọ́kọ́ dé. Kí bíríkìlà tó yọjú, sìmẹ́ńtì ti di òkúta nínú àpò, tó jẹ́ pé nígbà tá a ya bébà kúrò lára ẹ̀, ó ṣì dúró bí àpò, ojú okùn tí wọ́n fi rán an wà lára ẹ̀, kódà orúkọ ilé iṣẹ́ náà ti tẹ̀ sí i lára. Bíríkìlà fi ọ̀kan ṣe àga, ó jókòó lé e, ó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ó jẹun tán, ó nu ẹnu, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ máa ra òmíràn o.”

Àwọn ọmọ onílé? Háà! Wọ́n gba owó ìpìlẹ̀, wọ́n gba owó búlọ́ọ̀kù, wọ́n gba ti líńtẹ̀lì, wọ́n sì ti ní kí n múra ti òrùlé sílẹ̀. Mo sọ fún wọn pé láti 2016 ni ìjọba Èkó ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ torí owó. Ọ̀kan nínú wọn tó wọ jígí dúdú ní àwọn náà ti gbọ́ nípa òfin yẹn. Ó ní torí ẹ̀ làwọn ṣe ṣe ẹ̀dínwó fún mi.

Gbogbo ìyẹn, mo fara mọ́ ọn. Ti ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ni mi ò lè gbé mì. Wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi, wọ́n kọ “Olóyè” ṣáájú orúkọ mi, wọ́n ní kí n wá san owó taransífọ́mà. Taransífọ́mà kẹ̀! Ilé tí kò ní páànù lórí, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní fèrèsé, tí kò ní wáyà kan ṣoṣo lára ògiri, tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ló ń sùn ní yàrá tí mo yà sọ́tọ̀ fún ara mi, tí ewúrẹ́ náà sì ti bímọ síbẹ̀, tí mo lé e tó wò mí lójú bíi pé èmi ni mo wá gbé sílé ẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi iná ṣe níbẹ̀, ṣé kí n fi lọ aṣọ fún ewúrẹ́ ni? Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nípàdé. Akọ̀wé ṣí ìwé ńlá kan, ó fi ìka tọ orúkọ mi, ó ní mo ti wà nínú ìwé. Ó tún yí ojú ìwé: mi ò wá sípàdé tó kọjá, ìtanràn wà, mi ò wá síbi ìmọ́tótó, ìtanràn wà, mi ò tíì sanwó fún ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Mo ní kí ni ọdẹ ń ṣọ́ fún mi? Wọ́n ní ṣebí ewúrẹ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Owó taransífọ́mà yìí ló sún mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Owó dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìbéèrè C of O, mo sì ń yìn wọ́n. Kí n tó yìn wọ́n tán, ọjọ́ ìsanwó ti pé. Nígbà àwọn bàbá wa, bí gbèsè bá pẹ́ lọ́rùn èèyàn, ológò ni wọ́n máa ń rán sí i, yóò wá dógò tì í nílé, yóò máa pariwo, yóò máa pa adìyẹ ilé jẹ, títí ara yóò fi ni onígbèsè. Ó kéré tán, ológò ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá, ilé kan ló sì ń jókòó tì! Àwọn tòde òní yìí jókòó síbi tẹ́nìkan ò mọ̀, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù mi, pé onígbèsè ni mí, kí wọ́n sá fún mi. Bẹ́ẹ̀, láti 2022 ni àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà ti ń fi òfin de irú ìwà yìí. Àwọn ayánilówó náà fi ránṣẹ́ sí pásítọ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyá ìyàwó mi, wọ́n fi ránṣẹ́ sí bíríkìlà. Ẹ wá gbọ́ ohun tó wá dùn mí wọnú egungun: kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́! Pásítọ̀ ní ọ̀tá tó ń jowú ilé mi ló ń bà mí lórúkọ jẹ́, ó sì kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tó máa ra ẹ̀rọ amúnáwá tuntun fún ìjọ. Ìyá ìyàwó mi ní òun ti pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò Ìyá Ìbejì ti jáde o, òun ti bá mi mú ti “àwọn onílé”, léèsì ni. Bíríkìlà nìkan ló gbà á gbọ́. Ó ní kí n san tòun ṣáájú tiwọn.

Àwọn ẹbí tèmi náà ò gbẹ́yìn. Àbúrò ìyá mi ti yan yàrá tó kọjú sí títì, wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, àwọn ò lè máa rìn jìnnà. Àwọn ìbejì ti ń jà lórí ẹni tó máa sùn nítòsí fèrèsé tí kò tíì sí. Ìyá Ìbejì fúnra ẹ̀, tó sọ pé òun ò fẹ́ rí ìwé owó oṣù, wá sílé lánàá pẹ̀lú àwòrán táìsì, ó ní aláwọ̀ wàrà lòun fẹ́, èyí tí kì í yọ̀. Owó àjọ ẹ̀, tó yẹ kó wá kàn lóṣù tó ń bọ̀, a ti ná an lórí owó ilé ìwé àwọn ọmọ.

Báyìí o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má pè mí ní láńlọ́ọ̀dù mọ́. Bí ẹ bá pàdé mi lójú ọ̀nà, ẹ kí mi bí ẹ ṣe ń kí ẹnikẹ́ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì mọ ẹni tó ń ta ilẹ̀kùn àlòkù, ẹyọ kan péré, èyí tí ewúrẹ́ ò lè ṣí, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá ó lè gba owó díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé ilé ni mò ń kọ́ o. Ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ni.