Etí Ń Kàwé, Ojú Ń Sùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ oníwáyà létí! Ẹ kó nóòtì olójú ewé ogójì fún fóònù, ẹ ní kó máa kà á, ẹ wá wọ dánfó ní Ìyànà-Ìpájà, ó di Ọ̀ṣọ́dì. Ẹ gbórí lé fèrèsé, ẹ dijú. Ẹni tó bá rí yín á ní ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń ronú.

Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń múra ìdánwò JAMB pé kí ni osmosis. Ó wojú sánmà. Ó ní, "Ọ́ńkù, bí omi ṣe ń gba inú awọ fẹ́lẹ́ kọjá ni... wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ o!" Kọ́ńdọ́ ti bọ́ sáàárín bàọ́lọ́jì!

Ohùn inú fóònù ọ̀hún gan-an, ọ̀rọ̀ ni. Á ka nọ́ńbà ojú ewé, á ka àkámọ́, á ní kẹ́ ẹ wo àwòrán kẹta. Ibo lẹ ti fẹ́ rí i, nínú etí? Ti nóòtì Yorùbá tẹ́ ẹ tẹ̀ láìfàmì sí ló wá burú jù. Ẹ̀yin ní ìyá wọ ọkọ̀, fóònù ní ìyá wo oko. Ìyá tó ń lọ sí Ìbàdàn jẹ́ẹ́jẹ́ ti di àgbẹ̀.

Àwọn ọlọ́lá tiẹ̀ ti kọjá ìyẹn. Láti oṣù kẹsàn-án 2024 ni NotebookLM ti Google ti ń sọ nóòtì di ìtàkùrọ̀sọ: ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọ́n á máa fi nóòtì yín ṣe fàájì, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì ti mọ̀ ọ́n dunjú. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹlòmíì á tún fi eré ìlọ́po méjì sí i, kó lè tètè parí. Ó sì ń parí lóòótọ́.

Ẹ má pè mí ní ọ̀tá etí o. Odù 256 lọmọ awo ń fetí kọ́, kò sí ṣájà, kò sí dátà. Àmọ́ bí ọ̀gá bá kì í tán, ọmọ awo náà á kì í. Tó bá ṣì í kì, á tún un kì ni. Èwo nínú yín ló ń dá fóònù lóhùn? Ẹ̀ ń hanrun ni!

Ìbéèrè 180 ni JAMB, wákàtí 2 péré. Wọn kì í jẹ́ kí fóònù wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Kọ́ńdọ́ náà kì í wọ̀ ọ́.