Kí Ni Mo Jẹ Rẹ́gúlétọ̀?

Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin tí ẹ ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá títì, ẹ̀yin tí ẹ ń tún ínfátà ṣe lábẹ́ agbòòrùn, ẹ̀yin tí oníbàárà ti bú rí lórí iṣẹ́ tí wọn kò tíì sanwó rẹ̀, ẹ bá mi bi ayé léèrè ohun tí mo fi ṣe é. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí. Mo ń san owó ṣọ́ọ̀bù ní Mile 3, mo ń san owó ilẹ̀ gbígbá, mo ń san owó ọdẹ tí í sùn kí èmi alára tó sùn. Kí ni mo tún jẹ rẹ́gúlétọ̀? Ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò tó èékánná, òun ló fẹ́ sọ mí di ẹlẹ́yà lójú gbogbo Diobu!

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, kí ẹ lè bá mi bínú dáadáa. Ìyá ẹlẹ́ja kan wà nínú ọjà Mile 3, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi, ẹja dídì ló ń tà. Iná a máa lọ lóru, yìnyín inú firísà a yọ́, kí ìyá tó dé láàárọ̀, ẹja ti rọ̀, òórùn ti gba gbogbo ìsọ̀. Ló bá wá bá mi: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi ṣe nǹkan tí yóò máa ta mí lólobó lórí fóònù bí firísà bá ti ń gbóná." Mo ní kò burú, Màmá. Mo mú ESP32, pátákó kékeré tó ní Wi-Fi nínú, mo so ohun tí ń wọn ìgbóná mọ́ ọn, mo wá bátìrì líthíọ̀mù ẹyọ kan tí mo yọ lára láptọ́ọ̀pù àlòkù. Iṣẹ́ parí, àbí? Ibo ló ti parí!

ESP32 yìí, ọmọ àkẹ́jù ni. Bí iná tó wọ ọ́ bá kọjá 3.6 volt, ó lè bàjẹ́. Bó bá wálẹ̀ ju 3.0 lọ, kò dájú pé yóò ṣiṣẹ́. 3.3 gan-an ló ń fẹ́. Bátìrì ní tirẹ̀ kì í dúró sójú kan: bó bá kún, 4.2 ni, tó bá pẹ́ díẹ̀, 3.7, tó bá ń kú lọ, 3.0. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi rẹ́gúlétọ̀ sáàárín wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìwà ọ̀daràn o: kò sí rẹ́gúlétọ̀ tí kò ní gba tirẹ̀ kó tó jẹ́ kí iná kọjá. Bí agbèrò ẹnu géètì páàkì ló rí, mọ́tò rẹ ì báà kún, ì báà ṣófo, yóò gba owó rẹ̀. Owó géètì yẹn là ń pè ní dropout. 7805 tí gbogbo wa fi kọ́ṣẹ́ ń gba nǹkan bíi 2 volt: kó tó fún ọ ní 5, o ní láti gbé 7 fún un. Ojú àánú ni àwọn òyìnbó fi wá ṣe irú tí í gba díẹ̀, wọ́n pè é ní low dropout. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo yára dúpẹ́ ju!

Mo lọ bá ẹni tó ń ta páàtì. Mo sọ ọ́ ketekete pé low dropout ni mo fẹ́, 3.3 volt. Kò wulẹ̀ wojú mi, ó fa ike kan yọ, ó ka 1117 lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Òun nìyẹn, ọ̀gá." Mo yẹ ìwé rẹ̀ wò, lóòótọ́, low dropout ni wọ́n kọ gàdàgbà sórí rẹ̀. Mo sanwó, mo dé ìsọ̀, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin ará, ẹ mọ iye tí ẹni tí wọ́n ní ó ń gba díẹ̀ yìí ń gbà? Ó lé ní 1 volt! Bí iṣẹ́ bá le, ó lè dé 1.3! Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bátìrì kún dẹ́nu, 4.2, ẹ yọ 1.1 kúrò, ó ku 3.1, ESP32 ń mí gúlegúle. Bátìrì wá dé 3.7, níbi tó ti ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀, ẹ yọ 1.1, ó ku 2.6, ESP32 gan pa! Bátìrì kò tíì tán o! Iná ṣì kún inú rẹ̀, kò sí ọ̀nà tí yóò gbà jáde, ẹ̀rọ ń kú, ó ń jí, ó ń kú, ó ń jí, ìgbà tó bá fẹ́ fi Wi-Fi pariwo pé firísà ti gbóná gan-an ló ń gba iná jù, ìgbà yẹn gan-an ló sì ń dákú, ẹja ń rọ̀, ìyá ń sùn, èmi náà ń sùn, ilẹ̀ mọ́, èpè dé!

Wọ́n á ní kí n má pa irọ́ mọ́ 1117. Mi ò pa irọ́ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fún un ní 5 volt látinú ṣájà fóònù, yóò fún yín ní 3.3 láìjanpata. Ṣùgbọ́n ta ló ní ṣájà tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná ti lọ? Nítorí àìsíná la ṣe pè é wá!

Ẹ tún gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Mo kọ́ ESP32 pé kó máa sùn, kó máa jí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti yẹ firísà wò. Bó bá sùn wọra, iná tí ESP32 fúnra rẹ̀ ń jẹ kò tó nǹkan rárá. Rẹ́gúlétọ̀ ńkọ́? 1117 kì í sùn! Ó jókòó síbẹ̀, kò ṣe iṣẹ́ kankan, ó ń jẹ nǹkan bíi 5 mA tọ̀sán-tòru. 120 mAh lóòjọ́ nìyẹn! Ọmọ ọ̀dọ̀ ń jẹ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, àwa la ó sì ra oúnjẹ!

Ẹ má tíì lọ. Ẹ̀yìn irin 7805, earth ni. Gbogbo ayé mọ̀. A ó fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ara páànù kó lè tutù, kò sí wàhálà. Ọmọọṣẹ́ mi, ọmọ tó ní àpọ́nlé, ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ó de 1117 mọ́ páànù. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn irin ti 1117, ibi tí iná ń gbà jáde ni? Ọ̀nà iná wá kan earth gbọnrangandan, bọ́ọ̀dù dákẹ́, mo fọwọ́ kàn án, ó bó mi níka. Ẹsẹ̀ wọn náà kò jọra: ti 7805, iná ń wọlé lápá òsì, ti 1117, lápá ọ̀tún. Ta ló jókòó tó pinnu èyí? Kí la ṣe fún un?

Ẹnìkan wá ní kí n wá AP2112. Lóòótọ́, ọmọ dáadáa ni: bó bá tilẹ̀ gbé 600 mA, nǹkan bíi 0.25 volt ló ń gbà, jíjẹ rẹ̀ láìṣiṣẹ́ kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rin ti 1117. 3.7 wọlé, 3.3 jáde, ó ṣẹ́kù sílẹ̀! Ṣùgbọ́n ṣé ayé fẹ́ kí n sinmi? Nǹkan náà gùn ní mìlímítà mẹ́ta, ẹsẹ̀ márùn-ún ló sì ní! Ẹ rí èmi pẹ̀lú awò ojú, mo di ẹ̀mí mú, mo fi ẹnu pínńsì gbé e, áyọ́ọ̀nù ń gbóná lọ́wọ́ kejì, erúku dúdú tí wọ́n fi èéfín epo bùn wá ní Port Harcourt láti 2016 ń bà sórí bọ́ọ̀dù, wòlíì ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé èṣù lápá ọ̀tún, oníbọ̀lì ń fẹ́ iná lápá òsì, bọ́ọ̀sì kan ní Ikwerre Road wá fọn fèrè sí mi létí, mo ta gìrì, rẹ́gúlétọ̀ fò! Títí di òní, ilẹ̀ Mile 3 kò tíì dá a padà.

Mo ra òmíràn. Mo fi kàpásítọ̀ sí i níwájú àti lẹ́yìn, torí bí kò bá sí kàpásítọ̀ nídìí àwọn low dropout yìí, wọ́n lè máa gbọ̀n. Kódà LM2940 tí wọ́n ṣe fún mọ́tò, tí bátìrì òdì kì í pa, kò kọ kàpásítọ̀ tó kéré nìkan o, ó tún lè bínú sí èyí tó dára jù! Ẹ gbọ́ ná, ẹ ti rí ẹni tó ń bínú nítorí pé nǹkan dára jù rí? Oníbàárà mìíràn náà tún gbé bátìrì 12 volt wá, ó ní kí n fi low dropout yẹn sọ ọ́ di 5. Mo ní ẹ̀gbọ́n, 7 volt tó ṣẹ́kù kò lọ ibì kankan, ooru ni yóò dà. Bí ẹ bá gba ìdajì amp, wáàtì mẹ́ta àbọ̀ ni ẹ fi ń dáná yẹn. Ó ní mi ò mọṣẹ́.

Ẹ̀rọ ìyá ẹlẹ́ja wá ń ṣiṣẹ́. Kò kú mọ́, kò dákú mọ́. Mo lọ gbowó iṣẹ́ mi. Ìyá yọ sí mi, ojú rẹ̀ pọ́n: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Láti àná ni fóònù mi ti ń ké, firísà gbóná, firísà gbóná, mi ò fi ojú kan oorun! Ṣé ẹ fẹ́ kí n gbé iná wá látọ̀run ni? Ẹ yọ tuntun yìí kúrò, ẹ dá èyí tó máa ń kú yẹn padà fún mi." Kò san kọ́bọ̀. Òǹtajà páàtì náà ti gbọ́ pé mo tún ń wá 1117, ó ti fowó lé e!