Òkété Tó Ń Mu Wàrà Agolo

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété ayé àtijọ́ ni wọ́n ń bá wí. Tòde òní ò tíì gbà pé òun dàgbà. Òfin ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì bó bá pé ẹni 60 ọdún, tàbí bó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Ló bá lọ búra ní kóòtù pé ọdún tí wọ́n bí àbúrò òun ni wọ́n bí òun. Ìyá wọn ò sì bí ìbejì. Wọ́n sún ti olùkọ́ sí 65 lọ́dún 2022, wọ́n sún ti adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga sí 70 lọ́dún 2023, síbẹ̀ a ṣì ń rí ẹni tó ń gbàdúrà kí wọ́n tún un sún.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì tipátipá, ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́jọ, òun tí orúnkún rẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́. Ó ní àwọn ọmọ ń bọ̀ wá sùn síbẹ̀. Ọmọ wo? Ṣé èyí tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Toronto, àbí èyí tó wà ní Manchester? Òun náà ló ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kó lè san owó físà wọn, òun náà ló ń yangàn nípàdé ẹgbẹ́ pé kò sí ọmọ òun kankan nílé. Òkété ti kó ọmú lọ sókè òkun tán, ó wá jókòó, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.

Àwọn ọmọ kúkú ń fowó ránṣẹ́. Wàrà agolo nìyẹn. Mi ò bú u o, òun la fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá bàbá ta ayò? Ihò 12 wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò 48 pé síbẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ọmọ-ọmọ tó yẹ kó jẹ́ ọ̀pẹ, tí bàbá àgbà ìbá máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi di ọ̀ta, inú fóònù ló ti ń juwọ́, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń gé e láàárín.

Bàbá káfíńtà kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò náà, yàrá méjì péré ló ní. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ta ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ-ọmọ a dé láti ilé ìwé, wọn a da ayò rú, òun a sì máa pariwo lé wọn lórí. Láìpẹ́ yìí, onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì rán dírẹ́bà sí i pé kó jọ̀ọ́, kó wá bá òun ta ọpọ́n kan. Ó ní òun ò ráyè: ọmọ ọdún méje kan jẹ òun lánàá, òun gbọ́dọ̀ gbẹ̀san kílẹ̀ tó ṣú.