Ìjàpá Onífìlà

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbóò, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, àti fìlà tó tà fún wọn n'Íbàdàn.

Ìyá Ẹtu ń yan búrẹ́dì l'Ágbowó. Ààrò alámọ̀ ni, igi ni wọ́n ń kó sí i, páìpù èéfín rẹ̀ sì yọ lórí òrùlé. Òjò rọ̀, ó gba ẹnu páìpù wọlé, iná kú. Òjò dá, Alápàńdẹ̀dẹ̀ kọ́lé sẹ́nu páìpù. Bó ṣe rí fún gbogbo àdúgbò nìyẹn. Wọ́n gba Bódìjà lọ sọ́dọ̀ Kìnnìún. Kìnnìún ní kí gbogbo páìpù dé fìlà, kí onílé kọ̀ọ̀kan sì sanwó. Ta ni yóò ṣe fìlà? Ìjàpá. Ta ló dárúkọ rẹ̀? Ọ̀kẹ́rẹ́, akọ̀wé Kìnnìún, àna Ìjàpá. Ẹ má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjàpá gbowó, ó dorí kọ Dùgbẹ̀. Ó pa àtíbàbà sábẹ́ Cocoa House, ilé alájà 26 tí wọ́n kọ́ parí ní 1965, tí à ń pè ní Àwòṣífìlà. Níbi tí fìlà ti ń já bọ́ lórí èèyàn, ibẹ̀ ni Ìjàpá ti ń ta fìlà.

Alápàńdẹ̀dẹ̀ bá a níbẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá Ìjàpá, inú páìpù ni mò ń gbé, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ wọn ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó gé páànù. Kí fìlà fẹ̀ ju ẹnu páìpù lọ. Ẹ fẹsẹ̀ gbé e sókè, kí èéfín rọ́nà jáde. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì oníwáyà yí i ká, kí èmi gan-an má lè wọlé mọ́."

Ìjàpá rò ó wò. Ẹsẹ̀, owó ni. Nẹ́ẹ̀tì, owó ni. Wíwọ̀n pàápàá, owó ọkọ̀ ni. Ló bá gé páànù, ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ayé. Èyí tí kò bá wọlé, ó fi òòlù kì í mọ́lẹ̀. Ó tẹ etí rẹ̀ bí abetí ajá, ó kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ó ní, "Fìlà tó bá mọ́ orí pinpin ni fìlà àgbà."

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n lùlù, wọ́n jó, wọ́n ya fọ́tò. Alápàńdẹ̀dẹ̀ bà lé òrùlé, ó lé orin:

Ìjàpá dé fìlà fún páìpù o
— Èéfín ń wọ́nà
Fìlà ò lẹ́sẹ̀, fìlà ò lójú
— Èéfín ń wọ́nà
Bí ò ròkè lọ, a padà wálé
— Èéfín ń wọ́nà

Òjò dé. Ìyá Ẹtu dáná. Èéfín gòkè, ó kan páànù, ó padà. Ó gòkè, ó kan páànù, ó padà. Búrẹ́dì dúdú bí èédú. L'Ágbowó wọ́n ń sunjú, ní Challenge wọ́n ń húkọ́. Wọ́n tọ Ìjàpá lọ. Ó ní igi wọn ló tutù.

Ìjàpá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀fẹ́ dùn. Fìlà mẹ́ta ló tò lérí ara wọn sórí páìpù tirẹ̀ ní Ring Road. Lálẹ́, ó fi owó tó ṣẹ́ kù ra ẹja àrọ̀, ó ń yan án. Ó ti fèrèsé pa, kí aládùúgbò má baà gbóòórùn. Èéfín padà. Èyí tó ń ta lójú, ó rí i. Èyí tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, tí í pani láìjẹ́ kéèyàn fura, kò rí i. Orí ń fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ. Ó fa orí wọ inú ìkarahun, èéfín bá a níbẹ̀. Yánníbo figbe ta. Ará àdúgbò sáré dé, Alápàńdẹ̀dẹ̀ lé orin, wọ́n sì gbè é tán pátápátá kí Ìyá Ẹtu tó fi ìwo já fèrèsé, tí wọ́n wọ́ ọkùnrin náà síta.

Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá ti ń mí fììì bó bá ń fa orí wọlé.

Kìnnìún ní kí wọ́n tú gbogbo fìlà náà, kí onílé kọ̀ọ̀kan sì sanwó. Ta ni wọ́n gbé iṣẹ́ títú fún? Ẹ lọ bi Ọ̀kẹ́rẹ́.