Olùbẹ̀wò Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Bí wọ́n bá gbin igi tán ní Ìwó Olódò Ọbà, tí àwọn ènìyàn pàtàkì ya fọ́tò tán, ewúrẹ́ ni olùbẹ̀wò tó máa ń kọ́kọ́ dé; kì í béèrè owó ọkọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé olùyọ̀ǹda ara ẹni tó padà wá ka igi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣe pàtàkì ju ẹni tó gbìn ín nígbà òjò lọ. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, orílẹ̀-èdè Tọ́kì gbin igi mílíọ̀nù 11. Kò pẹ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ igbó wọn lọ wò wọ́n, wọ́n ní nínú 100 tí àwọn yẹ̀ wò, ó lè tó 90 tó ti kú. Ìjọba ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n torí pé ẹnìkan padà lọ kà wọ́n, wọ́n kúkú rí nǹkan jiyàn lé lórí.

Ẹnìkan lè ní kíkà kì í mú igi dàgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí Wangari Maathai dá sílẹ̀ ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1977 ń fún àwọn obìnrin ní owó díẹ̀ lórí igi tó bá yè, kì í ṣe lórí èyí tí wọ́n kàn gbìn; láìka igi, ta ló máa mọ èyí tó yè? Ta ni yóò gbàgbé àtibomi rin owó ara rẹ̀? Bí ẹ bá ní kò sówó, ẹ fi ti báńà ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ṣe ọgbà yí igi ká. Ewúrẹ́ ò mọ̀wé kà.