Òótọ́, Irọ́, Àbí Wọn Ò Sọ Ọ́?

Ẹ̀yin ẹnjiníà ilẹ̀ Ṣáínà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú afárá, ẹ kú ọkọ̀ ojú irin, ẹ kú fóònù tó wà lápò gbogbo wa. Ẹ̀fẹ̀ ni mo bá wá, ìjà kọ́. Bí inú bá ń bí ẹnikẹ́ni nínú yín, kó gbé díkíṣọ́nárì rẹ̀ sílẹ̀ ná, kó jókòó, torí ọ̀rọ̀ díkíṣọ́nárì yẹn gan-an ló gbé mi wá.

Kí ará ilé tí kò gbọ́ rí lè bá wa rẹ́rìn-ín: fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú 2017, ní Ṣáínà, bí ẹnjiníà tàbí dókítà bá fẹ́ gba oyè tó ju èyí tó wà lórí rẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan kò tó. Wọ́n á ní kó lọ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin tó ti fi ogún ọdún ṣe afárá, tó lè fi ojú lásán wo òpó kó sọ iye àpò sìmẹ́ǹtì tó jẹ, wọ́n á ní kó wá sọ èwo nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló sún mọ́ "enormous" jù. Dókítà tó jẹ́ pé ewé àti egbò ló fi ń wo aláìsàn bíi ti bàbá ńlá rẹ̀, òun náà ti di ìwé Gẹ̀ẹ́sì mú rí. Ewé tó ti ń jẹ́ lédè Ṣáínà láti ayébáyé, ṣé wọ́n ní kò ní í jẹ́ mọ́ àfi bí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì pè é ni?

Ó sì ń dùn wọ́n gan-an, torí pé wọ́n ti rò pé àwọn àti Gẹ̀ẹ́sì ti parí ọ̀rọ̀. Láti 1987 ni ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì CET-4 ti ń dúró de ọmọ yunifásítì lọ́hùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni ṣe é, ó yege, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó da Gẹ̀ẹ́sì nù bí omi ìfọwọ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó ti níyàwó, ó ti bímọ, irun ti ń dín lórí, ni Gẹ̀ẹ́sì bá tún kan ilẹ̀kùn bí ìyàwó àárọ̀ tó wá gba owó oúnjẹ.

Wákàtí méjì ni ìdánwò oyè náà, máàkì rẹ̀ jẹ́ 100. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: ti gbogboogbò, ti sáyẹ́ǹsì òun ẹ̀rọ, ti ìlera, ìkọ̀ọ̀kan sì ní A, B àti C. Kò sí gbígbọ́ níbẹ̀, kò sí sísọ, kò sí àròkọ kíkọ. Kíkà ni ṣáá, kí o sì fi pẹ́ńsùlù kun ìdáhùn. Èèyàn lè fi pílásítà lẹ ẹnu láti ìgbà tó ti wọlé títí wọ́n fi gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì jáde gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Èyí tó wá dùn jù nínú gbogbo rẹ̀ rèé: wọ́n gbà kí èèyàn mú díkíṣọ́nárì wọlé! Oníwèé ni o. Ti ẹ̀rọ, wọn ò gbà. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí ìyàwó tuntun wá fi ọbẹ̀ sísè hàn, tí wọ́n wá ní kò burú bó bá gba ọbẹ̀ lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ bọ̀. Ẹ fojú inú wo gbọ̀ngàn náà. Àgbà ẹnjiníà, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, gbogbo wọn ń ṣí i fìrì, fìrì, fìrì. Ẹni tó ń kọjá lójú fèrèsé á rò pé ẹyẹlé ni wọ́n kó síbẹ̀.

Ìbéèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa ń wà níwájú, máàkì kan fún ọ̀kan. Wọ́n á fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí o mú èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ọn jù. Àwọn òǹtàwé kò sùn, wọ́n ti tẹ díkíṣọ́nárì tó jẹ́ ti ìdánwò yìí nìkan, tó ti to ọ̀rọ̀ àti èkejì rẹ̀ síra bí ìbejì. Ọ̀gbẹ́ni á wá ọ̀rọ̀ náà rí, á rí èkejì rẹ̀, á kùn ún, ó di tirẹ̀. Kí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ túmọ̀ sí? Kò mọ̀. Èkejì ńkọ́? Kò bèèrè. Bí ẹni tó ń ṣa bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí ni: ó rí i pé méjèèjì jọra, ó kó wọn; ẹsẹ̀ ta ló ni wọ́n, kò kàn án.

Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà tó ń fi ẹ̀rín gbọnra, ẹ ṣe sùúrù. Irú ìbéèrè yẹn náà ni JAMB fi ń kí yín, tiyín ò tilẹ̀ ní díkíṣọ́nárì. Ó kéré tán, tiwọn, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti rí ìdáhùn.

Bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀ nílé gan-an lẹ̀fẹ̀ wà. Ìwé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tò ní A B D, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń ṣíwájú nínú rẹ̀ ni "abandon". Ìtumọ̀ rẹ̀: pa á tì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Èèyàn ra ìwé, ó ṣí i ní alẹ́ Sọ́ńdè pẹ̀lú ìpinnu, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí ìwé fún un ni pé kó pa á tì. Ọmọlúàbí ni, ó gbọ́ràn. Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ló ń fi èyí ṣe ara wọn ní yẹ̀yẹ́ láti ìgbà pípẹ́. Ìwé náà wá rí bíi Bíbélì ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ lálẹ́ ọdún tuntun pé òun á kà á tán kí Kérésì tó dé: Jẹ́nẹ́sísì ti gbó, ó ti dọ̀tí, Ìfihàn ń dán gbinrin.

Àwọn tí kò pa á tì, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n dá. Wọ́n á gbé ohùn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á fi èdè tiwọn wọ̀ ọ́ láṣọ. "Ambulance", wọ́n ní "an bu neng si", ìyẹn ni pé mi ò lè kú. "Pest", "pai si ta": gbá a pa. "Economy", "yi kao nong min": àgbẹ̀ ni kí o gbẹ́kẹ̀ lé. "Ponderous", tó jẹ́ ohun tó wúwo, ó di "pang de yao si": ó sanra dójú ikú. Kí n má purọ́, orí ẹni tó ronú kan ti ambulance yẹn pé, mo kí i. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ohùn yẹn pe ọkọ̀ aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù o. Bí wọn yóò ṣe máa bi í pé kí ló wí, àfàìmọ̀ kí "mi ò lè kú" má di nǹkan mìíràn.

Àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní tiwọn kò tilẹ̀ bá ìtumọ̀ fa ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní "robust", ìyẹn ètò tó lágbára, tí kì í tètè dàrú. Ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Ṣáínà fi àmì ọ̀rọ̀ tiwọn kọ ohùn rẹ̀: "lubang". Bí a bá tú àmì méjèèjì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èkíní lè jẹ́ ẹni tí kò ní ìfarabalẹ̀, èkejì sì jẹ́ kùmọ̀. Ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ gidi ló ń kọ ọ́ pé ètò yìí dára, ó ní ìwà kùmọ̀ oníwàǹwára. Orúkọ náà kò sì kúrò lẹ́nu wọn dòní. Ti pípè ńkọ́? "Cache" di "catch", "height" ń dún bí "hate". Àwọn fúnra wọn ti kó irú rẹ̀ jọ sórí ìkànnì GitHub kí wọ́n lè máa tún ara wọn ṣe. Ìyẹn wù mí. Àwa kì í kọ tiwa sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ni yóò máa sọ ọ́ káàkiri níbi ìnáwó.

Níbi tí mo ti ń fi wọ́n ṣẹ̀sín yìí, ẹnu mi fẹ́ wọ́. Ohun kan náà ló ń ṣe wá. Ọ̀rọ̀ ìṣe tiwọn kì í yí padà nítorí àná tàbí ọ̀la. Tiwa kì í yí. Tiwọn kò lẹ "s" mọ́ ìdí nǹkan torí pé ó pọ̀. Tiwa kò lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń pe ọkùnrin ní "ta", wọ́n ń pe obìnrin ní "ta"; àwa ní "ó", ó parí. Ìdí nìyẹn tí bàbá kan lè fi òyìnbó ròyìn ìyàwó rẹ̀ ní Ṣàngháì pé "he is pregnant", kí bàbá mìíràn ní Òṣogbo gbọ́ ọ, kó mi orí, kó kí i kú ewu, láìrí ohunkóhun tó ṣe ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sínú gbọ̀ngàn, torí àkàyé kù, òun ló sì jẹ máàkì jù. Àyọkà mẹ́ta, ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, máàkì 3 fún ọ̀kan: 45 nìyẹn. Ọgbọ́n tí wọ́n ń kọ́ ara wọn ni pé kí èèyàn má ka àyọkà. Ka ìbéèrè, mú orúkọ tó ní lẹ́tà ńlá tàbí nọ́ńbà kan, kí o máa fi ojú ṣa á nínú àyọkà bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo nínú yanrìn. Ibi tí o bá ti rí i, ìdáhùn kò jìnnà. Àyọkà mìíràn sì máa ń ti inú ìwé ìmúrasílẹ̀ jáde tààrà, tí ẹni tó ti há ìdáhùn rẹ̀ sórí kò ní í yọ ara rẹ̀ lẹ́nu rárá.

Ṣùgbọ́n abala kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ, máàkì 7 péré ló ní. Wọ́n á sọ gbólóhùn kan nípa àyọkà, wọ́n á ní kí o sọ bóyá òótọ́ ni, irọ́ ni, àbí wọn ò sọ ọ́. Ẹ wo irú ohun ìjà tí wọ́n fi lé ọkùnrin lọ́wọ́! Ìyàwó ní, "Bàbá Ọmọ, ṣé ẹ ti san owó ilé ìwé?" Ọ̀gbẹ́ni ṣí ojú sókè, ó ronú: òótọ́ kọ́, àmọ́ irọ́ náà léwu. Ó ní, "Wọn ò sọ ọ́."

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí díẹ̀ ni pé ọkùnrin yìí kan náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ lọ wò ó lẹ́nu iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní 996: aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Kọ̀ǹpútà bú u ní "null", ó mọ ibi tó ti ń bú u. Ó rí "permission denied", kò wo díkíṣọ́nárì, ó ti mọ ẹni tí yóò lọ bẹ̀. Ìwé ìlò ẹ̀rọ tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún ojú ewé, Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, ó kà á lóru kan torí pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tan láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó fún un ní máàkì kan. Gbé ọkùnrin náà lọ síbi ìdánwò oyè àwọn onísọfítíwíà, tó ní ìbéèrè 75 ní abala àkọ́kọ́, tí márùn-ún tó kẹ́yìn jẹ́ àyọkà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ojú rẹ̀ á fọ́. Ó máa ń ṣírò rẹ̀ báyìí: 45 ni èèyàn fi ń yege, márùn-ún kò lè pa mí. Ó kun C lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó lọ jẹun.

Nígbà tí ìjọba wọn wá gbé ìlànà tuntun jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 pé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó bá ń wá oyè gbọ́dọ̀ ṣe mọ́, ẹ̀ bá ti lè gbọ́ mímí ìtura dé Èkó. Ṣùgbọ́n kí ni ká wá ṣe sí díkíṣọ́nárì yẹn? Ó wúwo jù láti gbé jù nù, owó sì ni wọ́n fi rà á. Mo fẹ́ràn láti máa ronú pé ẹnjiníà kan ṣì ń lò ó láti fi dé abọ́ núdù lóru títí yóò fi rọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí òun náà ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, á gbé ìwé náà kúrò lórí abọ́, á ṣí i, á ní, "Bàbá, mo ti mọ abandon. Èwo ló tẹ̀ lé e?"

Ọ̀gbẹ́ni á fa núdù kan sẹ́nu, á wo òkè àjà.

"Wọn ò sọ ọ́."