N Ni Mo Tẹ̀

Dpkg, ẹni tó ń to ètò sórí Ubuntu, kò tàn mí o. Nígbà tí mo ń gbé sáfà ọ́fíìsì wa láti Ubuntu 18.04 lọ sí 20.04, tí MySQL 5.7 ń kúrò kí 8.0 wọlé, ó dúró, ó bi mí léèrè: mysqld.cnf, fáìlì ìṣètò MySQL tí o ti fọwọ́ kàn yìí, ṣé kí n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, àbí kí n fi tìẹ sílẹ̀? Y tàbí N. Ó tún fi D kún un, bóyá mo fẹ́ kọ́kọ́ wo ìyàtọ̀ wọn. Ta ní ń wo ìyàtọ̀ lóru? Mo tẹ N gbàgà.

Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú fáìlì yẹn ni. Query_cache_size tó bá mi ní 16M, èmi ni mo sọ ọ́ di 256M, tí mo sì ń fi fọ́nnu fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú ìdáhùn tí sáfà ti wá rí, kó má baà tún un wá. Àmọ́ tí table kan bá ti yí padà báyìí, gbogbo ìdáhùn tó kàn án dànù nìyẹn. Lórí ẹ̀rọ tí core rẹ̀ pọ̀, àgádágodo kan náà ni gbogbo wọn ń dúró dè, ó di súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọdún 2017 ni àwọn tó ṣe MySQL ti kéde pé wọ́n ń yọ ọ́. Èmi ò gbọ́. Mo ń fọ́nnu lọ́wọ́.

Fáìlì àtijọ́ yẹn ni MySQL 8.0 bá nílẹ̀, ó kọ̀, kò dìde. Dípò kí n ka lọ́ọ̀gì, mo tún un tàn, mo pa sáfà látòkèdélẹ̀, mo fẹ̀sùn kan dísíìkì. Ọ̀gá pè.

"Kí ló dé tí nǹkan ò ṣí?"

"Ẹ má bínú sà, nẹ́tíwọ̀kì ni."

Ìgbà yẹn ni mo tó ka lọ́ọ̀gì: unknown variable 'query_cache_limit=1M', lẹ́yìn náà Aborting. Mo yọ ọ́. Ó tún kú, ó ní 256M mi náà, òun ò mọ̀ ọ́n rí. Mo yọ ìyẹn tọkàn-ń-gbọgbẹ́. Ó tún kú: NO_AUTO_CREATE_USER tí mo dà kọ sínú sql_mode, wọ́n ti lé òun náà lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń dárúkọ wọn, bíi pé ó fẹ́ kí ojú tì mí díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ mysqld --validate-config ti wà láti 8.0.16, ì bá ti yẹ fáìlì náà wò láìtan sáfà rárá.

Ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá kọ lẹ́tà gbígbóná sí àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ gan-an, wọ́n sì fún wa ní dátà ọ̀fẹ́. Mo lò nínú rẹ̀.